Ẹ̀rí Tí Ó Gé Ẹsẹ̀ Àǹtí Juliana

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka abala yìí, ẹ fara balẹ̀. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí wà láàyè, ní Festac níhìn-ín, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí a gbé e jáde. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ wá ni pé kí a má ṣe bá òun dín in kù.

Beatrice Ọmọ́tọ́ṣọ́ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni nígbà náà, ó ń rán aṣọ ilé-ìwé tà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Apple Junction. Inú fúláàtì tí ìjọba fún bàbá rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní mínísírì ló dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni òun àti Adébánjí, ọkọ rẹ̀, ń gbé. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Débọ́lá, ti lọ sílé ọkọ ní Ìbàdàn.

Ẹni kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni Àǹtí Juliana. Opó ni, akọ̀wé ìjọba àpapọ̀ ni kó tó fẹ̀yìntì, búlọ́ọ̀kù tó kọjú sí ti Beatrice ló ń gbé. Òun ló kọ́ Beatrice ní kíláàsì ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ìyá Beatrice kú, tí ìgbéyàwó Beatrice ku oṣù méjì, Àǹtí Juliana ló jókòó sórí àga ìyá ìyàwó lọ́jọ́ náà. Bí ẹnì kan bá wà láyé tí kò yẹ kí Beatrice ṣe níbi, òun ni.

Àwọn méjèèjì ló ní ìtọ̀ ṣúgà. Ti Àǹtí Juliana ti pẹ́, abẹ́rẹ́ ló ń gún ara rẹ̀ láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Ti Beatrice kò tíì ju ọdún kan lọ, oògùn oníhóró ni wọ́n fún un.

Ní oṣù kejì ọdún náà, ìjọ wọn gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Pásítọ̀ Jùwọ́nlọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá síbẹ̀, gbé ọwọ́ lé Beatrice lórí, ó gbàdúrà fún un. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Beatrice lọ sí kílíníìkì, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà ti wálẹ̀ dáadáa. Nọ́ọ̀sì yìn ín. Ó ní oògùn tó ń lò déédéé ló ń ṣiṣẹ́, kí ó má ṣe fi í sílẹ̀.

Beatrice sọ fún pásítọ̀ pé ṣúgà òun ti wálẹ̀. Kò sọ èyí tí nọ́ọ̀sì sọ nípa oògùn. Kò parọ́, ó kàn mú ibi tó dùn nínú ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ pè é jáde kí ó wá jẹ́rìí. Ẹni tó jẹ́rìí ṣáájú rẹ̀ ní ọmọ òun dákú fún wákàtí méjì kó tó jí, gbogbo ìjọ ti fò sókè. Ó wá kan Beatrice. Ó ní òun dúpẹ́, ṣúgà òun ti wálẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀, bí ẹni ń kí àlejò tí wọn kò retí. Beatrice wo ojú pásítọ̀. Pásítọ̀ kò bínú. Ó kàn ń dúró de ìyókù.

Ogún ọdún ni Beatrice ti ń kọrin ní ìlà kẹta nínú ẹgbẹ́ akọrin, kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni bi í pé kí ló rò. Ó ní òun kò mọ ìgbà tí ẹnu òun là.

"Mo ti da oògùn nù," ló wí. "Dókítà wá a títí, kò rí ìtọ̀ ṣúgà kankan lára mi mọ́."

Ilé mì tìtì. Àwọn ìyá ń yí nílẹ̀. Ẹnì kan ti ń fi fóònù ya fídíò rẹ̀, kó tó délé, fídíò náà ti dé sórí WhatsApp ọkọ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Beatrice lo oògùn rẹ̀ bó ṣe máa ń lò ó. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ó ti tú hóró wọn sínú ìgò fítámì, kí Adébánjí má baà mọ̀.

Ẹ̀yin ará, irọ́ a máa dùn lẹ́nu kó tó korò nínú. Láàárín oṣù kan, wọ́n fi Beatrice ṣe olórí àwọn tó ń gbàdúrà fún aláìsàn. Àwọn ìjọ mìíràn ní Amúwo ránṣẹ́ pè é. Bó bá ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ènìyàn a máa pè é ní Mọ́mì Ìwòsàn, wọn a sì kúnlẹ̀ kí i. Kò sẹ́ni tó ti kúnlẹ̀ kí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ó tilẹ̀ gbìyànjú láti sọ irọ́ náà di òótọ́. Ó dá oògùn dúró. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni, òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ojú rẹ̀ ń ṣú, kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ó sáré padà sídìí ìgò fítámì. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé kò mọ ohun tí dídá oògùn dúró lè ṣe fún ènìyàn. Ó mọ̀ ọ́n lára.

Ọjọ́ Wẹ́sìdé kan ní oṣù kẹrin, Àǹtí Juliana wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án. Ó jókòó sórí àpótí àwọn oníbàárà, ó gbé báàgì lé itan. Obìnrin kan láti ìjọ wọn wà níbẹ̀, ó ń yan ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

"Beatrice, a ò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí," ni Àǹtí Juliana wí. "Abẹ́rẹ́ yìí ti sú mi. Kò síbi tí mi ò tíì gún lára mi. Sọ òótọ́ fún mi bí ọmọ ṣe ń sọ fún ìyá rẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni o ò lo oògùn kankan mọ́?"

Beatrice ní òótọ́ ti dé ẹ̀yìn eyín òun. Bó bá jẹ́ àwọn méjèèjì nìkan ni, bóyá ì bá jáde. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń yan ìbọ̀sẹ̀ ti dúró sójú kan, ìbọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ ọ̀tún, òmíràn lọ́wọ́ òsì, ó ń retí èsì.

"Mi ò lò ó mọ́, mà."

Àǹtí Juliana mí kanlẹ̀. Ó ṣí báàgì, ó mú páálí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà jáde, ó fi lé Beatrice lọ́wọ́. Ó ní kí ó bá òun jù ú nù, pé bí òun bá gbé e délé, ẹ̀rù lè ba òun kí òun tún gún un. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Ó ní òun yóò din dòdò jẹ lónìí.

Beatrice kò jù ú nù. Ó tì í sábẹ́ ìdì aṣọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà búlọ́ọ̀kù Àǹtí Juliana, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé e padà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ooru ti ba oògùn náà jẹ́.

Àǹtí Juliana bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Wọ́n ní ààwẹ̀ ni. Ó ń tọ̀ ṣáá, ó ń sùn lórí ìjókòó. Bàtà tuntun kan bó o lẹ́sẹ̀, ní abẹ́ àtàǹpàkò, egbò náà kọ̀ kò jiná. Ó ní Ọlọ́run tó wo ti Beatrice sàn mọ ojú ọ̀nà ilé òun.

Inúmidùn ni ọmọ Àǹtí Juliana. Ilé-iṣẹ́ kan ní Island ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń gbé ní ẹ́sítéètì Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ó pe Beatrice lórí fóònù, ẹkún wà nínú ohùn rẹ̀. Ó ní ìyá òun kò gbọ́ tòun, kò gbọ́ ti dókítà, ti Beatrice nìkan ló ń gbọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ fún ìyá òun kí ó padà sídìí abẹ́rẹ́.

Ẹ wò ó, Ọlọ́run tún ṣí ilẹ̀kùn kejì fún obìnrin yìí. Ó lọ. Kó tó wọlé ló ti gbọ́ òórùn ẹsẹ̀ náà. Àtàǹpàkò ti dúdú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká lọ fi ẹsẹ̀ yìí han dókítà."

Àǹtí Juliana wò ó pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. "Ìwọ, Beatrice? Àbí ìgbàgbọ́ tìrẹ náà ti ń yẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí ó sọ. Kò sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ tó ń rà náà mú, ó gbàdúrà lé e lórí, ó dìde, ó lọ sílé, ó sì lo oògùn tirẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, wọ́n bá Àǹtí Juliana nílẹ̀ ilé ìdáná. Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní bí wọn kò bá gé ẹsẹ̀ òsì lábẹ́ orúnkún, ẹ̀mí yóò bá a lọ. Inúmidùn ló fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n gé e.

Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, Beatrice àti Pásítọ̀ Jùwọ́nlọ lọ wò ó. Beatrice kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kí ni olórí aláàdúrà yóò wí pé ó dí òun lọ́wọ́? Inúmidùn pàdé wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí tí nọ́ọ̀sì kan fi ń bọ̀ láti òdìkejì. Toyibat lorúkọ rẹ̀, òun ló máa ń dá àwọn onítọ̀ ṣúgà lóhùn ní kílíníìkì ilé ìwòsàn náà. Ẹ̀rín ló bá dé.

"Mọ́mì Débọ́lá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ò rí yín lọ́jọ́ kílíníìkì. Àbí oògùn yín ò tíì tán?"

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì pé màmá yìí kò sí lára àwọn tó ń lo oògùn mọ́, pé Olúwa ti parí iṣẹ́ náà láti oṣù kejì. Nọ́ọ̀sì Toyibat wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó ní bóyá òun ṣi ẹnì kan mú fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun yìí náà ni òun fi fún wọn ní oògùn oṣù tó kọjá. Ìgbà tó rí ojú Inúmidùn ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu òun. Ó tọrọ gáfárà, ó kọjá lọ.

Inúmidùn na ọwọ́. "Àǹtí Beatrice, ẹ jẹ́ kí n rí báàgì yín."

Beatrice fún un. Ó ní kò sí agbára kankan lára òun tí òun lè fi fà á padà. Inúmidùn rí ìgò fítámì, ó tú u sí àtẹ́lẹwọ́. Irú hóró yẹn ni ìyá rẹ̀ ti lò fún ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó gbé e dé orí abẹ́rẹ́. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé.

Ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ibùsùn Àǹtí Juliana ló sún mọ́ ọn jù.

"Beatrice, wá." Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀.

Beatrice wọlé. Aṣọ ìbora tẹ́jú pẹrẹsẹ níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà.

"Lọ́jọ́ tí mo bi ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ṣé ò ń lò ó?"

"Mò ń lò ó, mà."

Àǹtí Juliana yí ojú sí ògiri. Inúmidùn ní kí wọ́n jáde. Pásítọ̀ Jùwọ́nlọ wọ mọ́tò rẹ̀, ó wa ọkọ̀ lọ, ó fi Beatrice sílẹ̀ lẹ́nu géètì.

Nígbà tó sọ fún Adébánjí, ọkùnrin náà kò pariwo. Ó béèrè bóyá ó parọ́ fún òun náà nínú yàrá àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó jókòó. "Mo fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, Beatrice. Òun náà ní ìtọ̀ ṣúgà." Ó gbé fóònù, ó pè é. Ọlọ́run ṣe é, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dá oògùn dúró. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Adébánjí kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí pálọ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti omi nìkan ló ń pa àwọn méjèèjì pọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Beatrice dìde láàárín ìjọ láìsí ẹni tó pè é. Ó gba máìkì lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin. Ó ní irọ́ ni òun pa ní oṣù kejì, òun kò dá oògùn dúró, òun ló jẹ́ kí Àǹtí Juliana pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ tọrọ ìdáríjì, ṣùgbọ́n pásítọ̀ ti ṣẹ́jú sí ọ́ṣà kan tó ń tọ́ èrò sí ìjókòó, ọ́ṣà sì gba máìkì. Obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé apànìyàn ni. Kò pariwo, ìyẹn ló mú kí ó dun Beatrice dé egungun.

Ó ti rò pé bí òun bá jẹ́wọ́, ara yóò fúyẹ́. Ara kò fúyẹ́.

Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́mọ kò wá ra aṣọ mọ́. Fídíò jíjẹ́wọ́ náà tún jáde, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń bú u. Débọ́lá pè láti Ìbàdàn, ó sunkún, ó sì gé fóònù.

Bó bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, aṣọ ìbora tó tẹ́jú yẹn ló ń rí. Bó bá ṣí Bíbélì, ó ní ńṣe ni gbogbo ojú ewé dà bí ìwé tí wọ́n kọ sí ẹlòmíràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó da gbogbo oògùn rẹ̀ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fi omi lé e. Ó ní bí òun bá ti sọ ẹlòmíràn di ẹni tí kò lo oògùn, ó yẹ kí òun náà jẹ nínú rẹ̀. Àdúrà kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, "Olúwa, má dárí jì mí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún Adébánjí láràárọ̀ pé òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kì í lọ. Mile 2 ló máa ń lọ, yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá, yóò máa wo àwọn ọkọ̀ tírélà àti àwọn ènìyàn tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ohun tó ṣe. Ní agogo mẹ́wàá, yóò pe fóònù Àǹtí Juliana lẹ́ẹ̀kan. Yóò dún títí yóò fi gé. Kò pè é lẹ́ẹ̀mejì rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ díẹ̀ ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Aṣọ ń jábọ́ lára rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ra omi inú ọ̀rá mẹ́fà kí agogo mẹ́wàá tó lù, olómi sì wò ó, ó bi í bóyá ara rẹ̀ dá. Ó gbé fóònù sétí. Kí ó tó gé, ó ti ṣubú lórí bẹ́ǹṣì, orí rẹ̀ gbá ilẹ̀.

Àwọn èrò pé jọ. Ẹnì kan ní ó ti kú, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Olómi mú fóònù tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí i pé nọ́ńbà kan náà ló ń pè láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

Àǹtí Juliana gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí Beatrice kò mọ̀ nígbà náà. Ilé Inúmidùn ní Amúwo ni Àǹtí Juliana wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Fóònù yẹn ti dún ní agogo mẹ́wàá bó ṣe máa ń dún, ó ti wò ó títí ó fi gé. Kò dún lẹ́ẹ̀kejì rí. Nígbà tó tún dún, ọwọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ó gbọ́ ohùn obìnrin àjèjì tó ní ẹni tó ni fóònù yìí ti ṣubú, ó sì dà bí ẹni tó ti kú.

Àǹtí Juliana sọ fún un pé ìtọ̀ ṣúgà ni, kí wọ́n má fún un ní ohun dídùn, kí wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n má fi í sílẹ̀. Ó wá pe Inúmidùn láti ilé ìdáná. Ó ní kí ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Inúmidùn kọ̀. Ìyá rẹ̀ sì ní bí kò bá lọ, òun yóò fi ẹsẹ̀ kan lọ.

Nígbà tí Beatrice la ojú ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, Adébánjí jókòó lápá kan, ó ti sunkún. Inúmidùn dúró lápá kejì.

"Èmi ò dárí jì yín," ni Inúmidùn wí. "Mọ́mì ló rán mi. Ẹ jẹ́ kó yé yín."

Beatrice ní ó yé òun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n dá a sílẹ̀, Àǹtí Juliana ránṣẹ́ pè é. Beatrice wọ ọkọ̀ lọ sí Amúwo. Ẹnu ọ̀nà ló ti dojú bolẹ̀. Àǹtí Juliana jẹ́ kó sunkún tó, ó wá ní kí ó dìde, ọrùn ń ro òun bí òun ṣe ń wo ilẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́tàlélógún lo pè mí," ló wí. "Gbogbo rẹ̀ ni mo wò. Inú mi máa ń dùn bó bá ń dún, torí mo mọ̀ pé ò ń jìyà. Mo gbàdúrà, Beatrice. Èmi tí mo kọ́ ọ ní àdúrà, mo bẹ Ọlọ́run pé kó má gbọ́ tìẹ. Nígbà tí obìnrin yẹn ní o ti kú, mo rí i pé ohun tí mo béèrè ló dé yẹn. Mi ò sì fẹ́ ẹ. Mi ò fẹ́ ẹ rárá."

Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún òsì rẹ̀.

"Mo ti dárí jì ọ́. Kì í ṣe pé kò dùn mí mọ́ o. Òru kò tíì kọjá kan tí ẹsẹ̀ tí wọ́n gé sọnù kì í ta mí. Ṣùgbọ́n mo ti dárí jì ọ́, mo sì ní kí Ọlọ́run dárí jì mí."

Beatrice ní kí ni òun lè ṣe. Ó ní òun yóò ta ṣọ́ọ̀bù, òun yóò kó lọ sí ìlú mìíràn. Àǹtí Juliana ní òun kò fẹ́ ìyẹn. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún tó kù síwájú. Ó ní ojú òun kò ríran dáadáa mọ́, òun kò sì lè tẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Inúmidùn ń jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Bí egbò kékeré bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò rí i.

"Wá máa wẹ̀ ẹ́ fún mi láràárọ̀," ló wí. "Kí o yẹ ìdí ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan wò. Ohun tí o bá rí, sọ ọ́ bó ṣe rí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, Beatrice yóò kúrò ní Festac, yóò lọ sí Amúwo, yóò po omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, yóò fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò, yóò wẹ ẹsẹ̀ náà, yóò nù ún gbẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omijé ń já bọ́ sínú omi. Àǹtí Juliana ní kí ó dáwọ́ ẹkún dúró, òun kò bẹ̀ ẹ́ ní omi iyọ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jọ sunkún.

Ní ọjọ́ kọkànlá, Beatrice rí i pé láàárín ọmọ ìka kẹrin àti ìka karùn-ún, awọ ti là díẹ̀. Kò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n lọ sí kílíníìkì lọ́jọ́ náà, ó sì jiná.

Ní oṣù kọkànlá, Pásítọ̀ Jùwọ́nlọ wá sí ilé náà láìròtẹ́lẹ̀. Ó bá Beatrice lórí eékún, ìdí abọ́ omi. Ó jókòó títí Beatrice fi parí. Nígbà tó lanu, ó ní òun kò sùn dáadáa láti oṣù kẹfà. Ó ní òun kò bi í léèrè ìwé dókítà lọ́jọ́ yẹn, nítorí òun kò fẹ́ kí èsì ba adùn rẹ̀ jẹ́. Òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìjọ, òun ń wá iṣẹ́ ìyanu tí wọn yóò fi mọ òun. Ó tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ó bẹ Beatrice kí ó padà wá sí ìjọ. Beatrice padà, ṣùgbọ́n ó ní òun kò fẹ́ ipò kankan. Ẹ̀yìn ló ń jókòó. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jẹ́rìí ìwòsàn nísinsìnyí, pásítọ̀ yóò kọ́kọ́ rán onítọ̀hún sí Beatrice, Beatrice yóò sì bá a lọ sí kílíníìkì.

Adébánjí kó ìrọ̀rí rẹ̀ padà sí yàrá ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì.

A bi í pé kí ni kí a sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé. Ó ní kí a sọ fún yín pé Ọlọ́run kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá a parọ́ kí ògo rẹ̀ lè pọ̀. Ó tún ní kí ẹni tó bá ti ṣubú débi tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó má dárí ji òun má ṣe gbàgbọ́ pé àdúrà yẹn ń gbà. Tòun kò gbà.

Inúmidùn ló kù. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ọmọbìnrin náà fi ń ṣílẹ̀kùn fún Beatrice láràárọ̀, tí yóò kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó, tí kì í kí i. Beatrice kì í dá a lẹ́bi. Yóò yà fún un, yóò sì wọlé lọ pomi.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan ní oṣù kẹta, Inúmidùn ti pẹ́. Ó ti bọ́ sínú mọ́tò, ó ti tan án, ó tún pa á. Ó sọ̀kalẹ̀, ó padà dé ẹnu ọ̀nà, kò wo ojú Beatrice tán.

"Àǹtí Beatrice," ló wí, "ẹ̀wà àti búrẹ́dì yín wà nínú kúlà. Ẹ jẹun kí ẹ tó lo oògùn yín, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má lò ó lórí inú òfìfo."

Ó yíjú, ó sáré padà sínú mọ́tò. Beatrice dúró síbẹ̀, kẹ́tùlù omi lọ́wọ́ rẹ̀, títí Àǹtí Juliana fi pè é láti inú ilé pé omi ti ń tutù.